Bàbá Omi Ṣì Wà Nísàlẹ̀

Òkúta kan ṣoṣo tí òòlù mi fọ́ rí ní ìlú Bìní ni kánún, ìyá mi ló sì ni kánún náà.

Ẹni tó bá gbé Bìní rí mọ̀ pé n kò ṣàwàdà. Ilẹ̀ pupa ni ìlú náà, ilẹ̀ tó ń wọnú ìbọ̀sẹ̀, tó ń sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ tíì. Gbẹ́ ẹ títí, ilẹ̀ pupa ni. Tún gbẹ́ ẹ, yanrìn ni. Gbẹ́ ẹ síwájú sí i, yanrìn mìíràn ni. Kò sí àpáta tí èèyàn lè fi òòlù gbá. Síbẹ̀, nígbà tí mo wọ yunifásítì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 láti kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta, èyí tí gbogbo wa ń pè ní jìọ́lọ́jì, bàbá mi ra òòlù kan fún mi, òòlù òkè òkun tí apá kan orí rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, tí apá kejì ṣe ṣónṣó. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ ní pálọ̀, lójú àwọn àlejò mẹ́ta, bí ẹni ń gbé ọ̀pá àṣẹ fún ọba. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé òòlù yìí kiri nínú báàgì, tí mò ń wá ohun tí mo lè gbá. Nígbà tó yá, ìyá mi, tó ń ta ata gbígbẹ, irú àti kánún ní ọjà Santana, yá a lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò dá a padà mọ́.

"Òòlù yìí dára o," ló wí. "Àṣé ẹ̀kọ́ yín yìí wúlò."

Kí n sọ òótọ́, nínú kíláàsì wa, kò sẹ́ni tó nífẹ̀ẹ́ ilẹ̀. Epo rọ̀bì tó wà lábẹ́ rẹ̀ la nífẹ̀ẹ́. A ti pín àwọn ilé-iṣẹ́ epo láàárín ara wa kí a tó mọ ìyàtọ̀ láàárín amọ̀ àti yanrìn. Ọmọ kíláàsì wa kan ra akoto aláwọ̀ yẹ́lò, ó sì máa ń dé e lọ jẹun, bí ẹni pé ẹ̀wà tí wọ́n ń bù fún wa lè ya lulẹ̀ lù ú lórí. Mo bá wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, mo yá akoto náà, mo fi ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn wà lára ògiri pálọ̀ wa títí di òní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi.

Olùkọ́ kan ṣoṣo ló gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Àgbàlagbà ni, kò ga, bàtà rọ́bà ló máa ń wọ̀ wá sí kíláàsì. Àwọn olùkọ́ yòókù máa ń ya àwòrán odò ilẹ̀ Amẹ́ríkà sójú pátákó, àwọn odò tí ẹnì kankan nínú wa kò lè bù mu. Èyí kò ya nǹkan kan. Ó kàn máa ń kó wa sínú bọ́ọ̀sì kan tí okùn ló di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, ó di odò Ikpoba. Tí a bá débẹ̀, á ní ká bọ́ bàtà. Àwọn tó ti wọ bàtà tuntun nítorí fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ẹ̀yin òyìnbó dúdú," á wí, "ẹ wọnú ẹrẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ mọ̀, wọ́n ti sin ín tipẹ́. Èyí tí wọ́n ń sin lọ́wọ́ rèé, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń sin ín."

Ohun tó kọ́ wa kò le rárá. Ó ní ohun tí odò ń ṣe lójú wa yìí ló ti ń ṣe kí èèyàn tó dáyé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kó wo odò tó ń ṣàn lókè. Ibi tí odò bá ti tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, inú ìtẹ̀ yẹn ló ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. "Odò dà bí òṣìṣẹ́ ìjọba," á wí. "Láàárọ̀ tí agbára ṣì wà, ó lè gbé òkúta. Tó bá di ọ̀sán, yanrìn nìkan ló lè gbé. Nígbà tí aago mẹ́ta bá fi máa lù, eruku ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Á sọ ìyẹn náà sílẹ̀, á máa relé." Ló bá fi àdá gé etí odò bí ẹni gé búrẹ́dì, a sì rí i kedere: òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, yanrìn ńlá lórí rẹ̀, yanrìn kíkúnná lórí ìyẹn, ẹrẹ̀ dúdú lókè pátápátá. Bàbá mi, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún un. Ó ní olùkọ́ náà parọ́. Aago kan ni òun máa ń kúrò.

Nígbà kan, olùkọ́ yìí kó wa lọ sí etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. A rí bí ìgbì ṣe ń to yanrìn jọ bí ebè, bí ẹrẹ̀ ṣe ń rọra jókòó láàárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró sínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Alákàn gidi gé mi jẹ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ kíláàsì wa alákoto sì ní kí n lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun alààyè wà níbẹ̀. Olùkọ́ wa ní gbogbo ìlà wíríwírí tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń kà lórí bébà, tí wọ́n fi ń mọ ibi tí epo wà nísàlẹ̀ jíjìn, etí òkun àti ẹnu odò bí irú èyí ni, tí ilẹ̀ ti bò. Ó ní ẹni tí kò bá jókòó sétí òkun rí kò lè dá etí òkun mọ̀ nígbà tó bá kú. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà náà, ẹja tútù ń ta sánsán lórí iná àwọn ará abúlé kan, ọkàn mi sì wà lọ́dọ̀ ẹja.

Ohun kan wà tí mo kọ sínú ìwé mi ní odò Ikpoba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí mo máa jáde. Lórí bèbè gíga, níbi tí odò kì í dé àfi nígbà òjò, mo rí adágún kékeré kan tí kò tóbi ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ. Omi odò jìnnà gan-an sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹrẹ̀ ló gbé omi yìí dúró. Yanrìn gbígbẹ ló wà lábẹ́ ẹrẹ̀." Olùkọ́ wa fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó fún mi ní máàkì, inú mi dùn, mo sì gbàgbé rẹ̀. Máàkì ni mo ń wá nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò kàn mí.

Mo sin ìjọba tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, mo padà sílé. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo tí a ti pín láàárín ara wa kò mọ̀ pé a ti pín wọn. Kò sẹ́ni tó fèsì lẹ́tà mi. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ omi ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà ní àdúgbò kan lẹ́bàá Airport Road. Àwa ọmọ Yorùbá la pọ̀ jù níbẹ̀: òṣìṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn tó ń ṣòwò ní ọjà Santana àti ọjà Ekiosa. Yorùbá la fi ń wàásù, Yorùbá la fi ń kéde, gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wa sì fi ń béèrè ìgbà tí a máa ṣe tán. Omi kò sí níbẹ̀. Àwọn ìyá ló ń gbé e wá láti ilé. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ń jíròrò bí wọ́n ṣe máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, bàbá mi sì dìde. Alàgbà ni ní ìjọ náà, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó sọ ọ́.

"Ẹ má wulẹ̀ pe ẹnì kankan," ló wí. "Ọmọ mi kàwé lórí ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Òun ló máa fi ibi tí omi wà hàn wá, òun ló sì máa sọ ibi tí a ti máa dúró. Bí omi yẹn bá já yín kulẹ̀, ẹ má pè mí ní alàgbà mọ́."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Inú mi ì bá bàjẹ́ ká ní mo gbọ́n. Mo dìde, mo tẹríba bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ní ọjọ́ tí mo lọ yan ibi tí wọ́n máa gbẹ́, mo mú kọ́ńpáàsì dání. Kọ́ńpáàsì kò mọ ohun kan nípa omi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ń wò mí, ọwọ́ òfo kò sì yẹ ọ̀mọ̀wé. Mo yí ká ọgbà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dijú díẹ̀, mo wá tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò. Ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ ni pé ibòji wà níbẹ̀, èmi ni mo sì máa jókòó ti iṣẹ́ náà.

Ẹni tó wá gbẹ́ ẹ jẹ́ ará Bìní, bàbá kúkúrú kan tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti pẹlẹbẹ nítorí iṣẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ rí, ó gbọ́ Yorùbá, ó sì máa ń fi pijin lé e. Irin mẹ́ta ló nà ró bí àdògán, ó so kẹ̀kẹ́ okùn sókè rẹ̀, òun àti àwọn ọkùnrin méjì á sì máa sọ irin oníhò kan sínú ilẹ̀, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ìwọ̀n páìpù kan, wọ́n á kó ilẹ̀ ibẹ̀ jọ lọ́tọ̀, kí a lè rí bí ilẹ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara. Òkìtì kéékèèké wọ̀nyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà yanrìn funfun kíkúnná, lẹ́yìn náà yanrìn ńlá, lẹ́yìn náà òkúta wẹ́wẹ́. Odò Ikpoba ni mò ń wò yẹn, odò tí ilẹ̀ ti bò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìyá ìjọ. Mo ní odò ńlá kan ti kọjá lábẹ́ ibi tí wọ́n jókòó sí yìí rí.

"Jésù!" ni ọ̀kan wí, ó sì gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Ní páìpù keje, òkúta wẹ́wẹ́ náà jáde pẹ̀lú omi. Bẹ́ẹ̀ rèé, gbogbo kànga ẹ̀rọ tó wà ní àdúgbò yẹn kọjá ogún páìpù. Àwọn ìyá bú sórin. Ẹnì kan sáré lọ pe Pásítọ̀. Kí ó tó dé, agbẹ́kànga fi àtàǹpàkò rẹ̀ ha ẹnu irin náà, ó wá fi í hàn mí. Amọ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn, amọ̀ eléérú, rírọ̀ bí àkàṣù.

"Bọ̀dá," ló wí, "dis water na pikin o. Im papa still dey down." Ó ní ọmọ lásán ni omi yìí, pé bàbá omi ṣì wà nísàlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo àwọn tó ń jó. Mo sọ fún un pé a ti dé ìsàlẹ̀ odò, pé òkúta wẹ́wẹ́ ni ìsàlẹ̀ odò, pé ibi tí omi máa ń dúró sí nìyẹn. Mo fi gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un, irú gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ìdáhùn. Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Ká ní mo tiẹ̀ gbà fún un, ta ló máa gbà fún èmi? Pásítọ̀ ti dé, ó ti gbàdúrà sórí omi náà, ó ti sọ ọ́ ní Omi Ìyanu, ó sì ti mú ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ fún ìdúpẹ́. Níbi tí ìjọ wa bá ti jó ìdúpẹ́, kò sẹ́ni tó máa fi irin gún abẹ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá ó dájú. Bàbá mi ló síwájú nínú ijó. Mi ò rí i kí ó jó báyẹn rí, mi ò sì rí i bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan sínú kànga náà, tó ń fa omi sínú àgbá ńlá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àgbá tó wà lórí búlọ́ọ̀kù tó ga tó àyà, tí ẹ̀rọ omi méjì wà lára rẹ̀. Omi dára ní gbogbo ìgbà òjò. Ọyẹ́ dé. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ń wúkọ́. Mo gbọ́ pé ó ń pọ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, omi wà nínú àgbá, mo sì sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ lásán ló ń dà á láàmú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo jí, mi ò bá bàbá mi nílé. Mọ́tò Pijó rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń fi òòlù mi fọ́ kánún.

"Màmá, níbo ni Dádì lọ láàárọ̀ yìí?"

"Ó lọ fún kànga rẹ lómi mu."

Mo rò pé àwàdà ni.

"Ṣé o rò pé kànga yẹn ṣì ń mí ni?" Kò gbójú sókè. "Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé. Omi òjò tó wà nínú ihò omi tí a gbẹ́ sẹ́yìn ilé ló ń fà, èyí tí a máa mu títí di oṣù kẹta. Ó ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ní Ekiosa. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti gbìyànjú."

Mo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọyẹ́ mú, ojú ọ̀nà funfun. Mo dúró sẹ́yìn ọgbà. Bàbá mi ti ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé èjìká, ó gun orí àga onígi kan, ó ń rọra da omi sínú àgbá, ó ń fi ọwọ́ kejì di ògiri mú. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Nígbà tí ó da ìkejì tán, ó ṣí ẹ̀rọ omi náà díẹ̀, ó wò ó bí ó ṣe ń ṣàn, ó tì í, ó sì lọ gbé ìkẹta. Mi ò pè é. Mo yíjú padà, mo sì rìn títí mi ò fi mọ ibi tí mò ń lọ mọ́.

Odò ni ẹsẹ̀ mi gbé mi dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀, lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú àdá. Àwọn tó ń wa yanrìn ní Ikpoba mọ̀ mí láti ìgbà tí a ti ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ wa.

"Oga geology!" ni ọ̀kan ké láti inú omi. "You never see the gold?"

Mo gun orí bèbè gíga. Adágún kan tún wà níbẹ̀, kì í ṣe èyí tí mo kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ni. Mo fi àdá gún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ náà kò nípọn, kò tó ìka mẹ́rin. Bí mo ṣe dá a lu, omi náà pòyì, ó dún gẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni mu ẹ̀kọ, ó sì wọlẹ̀ lọ. Yanrìn gbígbẹ abẹ́ rẹ̀ gbé e mì bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Mo wá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ bèbè, mo gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Omi jáde. Mo gbọ́n ọn, ó tún kún. Mo gbọ́n ọn títí ọwọ́ fi ń ro mí, ó tún kún.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Odò kì í jókòó sójú kan. Ó ń tẹ̀ síhìn-ín, ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún. Ibi tó bá fi sílẹ̀ lónìí á di ẹrẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn á padà wá to òkúta àti yanrìn tuntun sórí ẹrẹ̀ náà. Nítorí náà, abẹ́ ìsàlẹ̀ odò kan, ẹrẹ̀ odò tó ṣáájú rẹ̀ ló wà. Omi òjò tó jò wọlẹ̀ ló jókòó sórí ẹrẹ̀ yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí omi inú àwo. A ti fa àwo náà gbẹ. Mo ní gbogbo èyí nínú ìwé mi, pẹ̀lú ìlà pupa lábẹ́ rẹ̀.

Mo bá bàbá mi ní pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn lábẹ́ fọ́tò alákoto mi.

"Dádì, mo ṣì í."

"Kí lo ṣì?"

"Kànga. Agbẹ́kànga sọ fún mi pé ká má dúró. Mi ò gbọ́."

Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó tún ká a. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Màmá."

"Èmi ni mo ṣẹ̀. Èèyàn kì í fi àṣírí pa mọ́ sọ́dọ̀ oníkánún. Ohun gbogbo ló ń mú rọ̀." "Ṣé omi wà nísàlẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà."

"O sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ sí."

Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Mú mi lọ síbi tó o ti rí i."

Mo mú un lọ. Ó bọ́ bàtà kí n tó sọ fún un. Mo wá adágún mìíràn, mo gún un níṣojú bàbá mi, omi náà sì wọlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ẹrẹ̀ náà, ó fi pa ọwọ́ méjèèjì.

"Orí èyí," ló wí, "ni mo ti jó?"

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kékeré, bí ẹni ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbẹ́ ti ìsàlẹ̀ fún òun. Mo gbẹ́ ẹ. Ó bu omi náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ń kà á sókè, ó sì ń wò ó bí ó ṣe ń padà kún.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú ìjọ, mo sọ ohun tí mo ṣe, láìlo gẹ̀ẹ́sì kankan. Mo mú ẹrẹ̀ odò wá nínú ọ̀rá. Mo sọ ohun tí agbẹ́kànga wí. Bàbá mi náà dìde, ó ní omi tí wọ́n ti ń lò láti oṣù kan, nínú kẹ́ẹ̀gì ló ti wá, pé kí wọ́n dárí ji òun, àti pé òun rántí ohun tí òun sọ nípa orúkọ alàgbà.

"Ẹ̀yin tí ẹ kàwé," ni ìyá kan wí, "ẹrẹ̀ lásán ló tàn yín jẹ?"

"Ẹrẹ̀ ni, Mà."

"So it's not miracle again?" ni ọmọ rẹ̀ béèrè, tí gbogbo wa sì gbọ́.

Pásítọ̀ jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ó dìde, ó ní iṣẹ́ ìyanu náà ní àjà, pé àjà kìn-ín-ní la ti dé, a kò tíì dé ìsàlẹ̀ ilé. Ìjọ ṣàmín. Nípa ti orúkọ alàgbà, ó ní kí a fi sílẹ̀ ná, kí a kọ́kọ́ wo bí omi yóò ṣe rí.

Agbẹ́kànga padà wá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan. Ó kàn ní, "Bọ̀dá, you don come," bí ẹni pé èmi ni mo padà wá, ó sì na irin rẹ̀ ró. Páìpù mẹ́ta gbáko ni amọ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, yanrìn kíkúnná, gbígbẹ pátápátá, lẹ́yìn náà yanrìn ńlá. Lójoojúmọ́ ni bàbá mi wá jókòó lábẹ́ igi máńgòrò náà, tó ń wo òkìtì ilẹ̀ wọ̀nyẹn bí ẹni ń ka Bíbélì. Àwọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní páìpù kẹtàlélógún, omi dé. Wọ́n gbọ́n ọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò lọ sílẹ̀. Agbẹ́kànga fi àtàǹpàkò ha ẹnu irin, ó wò ó, ó fi hàn mí. Yanrìn nìkan ni.

"Dis one na di papa," ló wí.

Àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ orin. Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jó. Ó ní kí a dúró de ọyẹ́.

A dúró dè é. Nínú ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ewé máńgòrò náà gan-an ń ká jọ, ẹ̀rọ omi méjèèjì ṣì ń ya. Wọ́n pe bàbá mi síwájú fún ìjẹ́rìí, Pásítọ̀ sì pè é ní Alàgbà, ketekete. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjẹ́rìí lè gba wákàtí kan. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí wọn. Bàbá mi di àga ìwàásù mú, ó wo gbogbo wa.

"Omi wà," ló wí. "Ẹ lọ pọn."

Ó padà lọ jókòó.

Ilé-iṣẹ́ epo kò pè mí títí. Báńkì ló gbà mí, níbi tí mo ti fi ogún ọdún ó dín díẹ̀ jókòó sẹ́yìn gíláàsì, tí àwọn oníbàárà ń pè mí ní "Oga Manager" kí n tó di mánéjà, tí wọn ò sì pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí mo dé ipò náà. Olùkọ́ wa alábàtà rọ́bà ti kú. Wọ́n ti kọ́lé sí apá ibi kan tí mo ti gún adágún. Òòlù náà ṣì ń fọ́ kánún; ìyá mi ti fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá mi kò sì jẹ́ kí Sátidé kan kọjá láìgbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyọ kan péré, láti inú ihò omi ilé wa. Á dà á sínú àgbá tó ti kún tẹ́lẹ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì dà nù. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é láti ọdún dé ọdún. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ ní 2014, ó pè mí, ó ní kí n wá fi mọ́tò mi gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ.

"Dádì," ni mo wí, "kànga yẹn kò tíì gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Kí la tún ń gbé kẹ́ẹ̀gì sí?"

Ó wò mí láti orí àga rẹ̀, lábẹ́ fọ́tò akoto.

"Ìwọ lo kàwé," ló wí. "Ṣé ó dá ọ lójú pé kò sí ẹrẹ̀ mìíràn lábẹ́ ìyẹn?"

Mo ronú sí i. Odò kì í jókòó sójú kan. Ẹrẹ̀ wà lábẹ́ ìyẹn, òmíràn sì wà lábẹ́ èyí náà, bẹ́ẹ̀ ló tò lọ títí dé ibi tí irin agbẹ́kànga kankan kò dé rí.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú bọ́ọ̀tì mọ́tò.